Kò Sí Ṣéńjì, Gba Súìtì

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo ń kọ èyí, ìgbà tí ọpọlọ kì í fẹ́ ṣe iṣẹ́ gidi mọ́. Lẹ́kíṣọ̀ ti parí, asáíńmẹ́ǹtì ti di ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì ń jiyàn lórí ẹni tí yóò na ẹni lọ́la. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má retí pé n óò to ọ̀rọ̀ mi ní ení, èjì, ẹ̀ta bíi ti ìwé ìdánwò. Ohun méjì ló wà lọ́kàn mi: súìtì, àti àwa tí a ti sọ ara wa di ẹrú kílọ́ọ̀bù bọ́ọ̀lù. Ẹ ní sùúrù fún mi, mo máa so wọ́n pọ̀.

Ìwé wa tó jáde kẹ́yìn ló fà á. Ewì mẹ́ta ló dá lórí bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀. N kò ní dárúkọ àwọn tó kọ ọ́, gbogbo wa ṣáà la mọ ara wa. Mo ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ti àkọ́kọ́, agbábọ́ọ̀lù di kìnnìún, pápá di ojú ogun, góòlù di ọta ìbọn. Nínú ìkejì, idà jáde nínú àkọ̀, ẹ̀jẹ̀ ṣàn, ọ̀tá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìkẹta ló sàn díẹ̀, torí òjò rọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí òjò náà tó dá, ọfà ti ń fò. Èdè wọn dára o, a ò ní parọ́. Ẹni tó kọ ìkejì mọ bí a ṣe ń to ohùn, etí mi gbọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n mo wá ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù nínú ewì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, n kò rí i. Ta ló jókòó? Ta ló sanwó lẹ́nu ọ̀nà? Ta ló ń bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ṣé ọ́fúsáìdì ni? Kí sì ló wà lẹ́nu rẹ̀?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní ogun ni bọ́ọ̀lù lóòótọ́. Shooting Stars tiwa n'Íbàdàn, Oluyole Warriors ni ìnagijẹ wọn, jagunjagun Olúyọ̀lé. Ìlú jagunjagun sì ni Ìbàdàn, ta ni yóò bá wọn jiyàn? Ó dáa, kí agbábọ́ọ̀lù máa jagun. Àwa tí a ń wòran ńkọ́? Ìjókòó ni tiwa. Ìdúródè ni tiwa. Èmi ò tíì gbọ́ nípa jagunjagun tó yíjú padà láàrin ogun kó béèrè pé ta ló ń ta gúgúrú. Gbogbo àwa tí a ń kọ̀wé fún ìwé yìí, fáànù ni wá. Bí a bá wá kọ ọ́ bí ẹni pé àwa gan-an la gbé idà, irọ́ kékeré kan ti wọ inú ewì, irọ́ yẹn sì ń jẹ́ kí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wa gan-an sá lọ láì sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi èdè tiwa yẹ̀ ẹ́ wò. Bí eré kan bá wù wá, ohun tí a máa ń sọ ni pé bọ́ọ̀lù yẹn dùn. Bí kílọ́ọ̀bù wa bá borí, inú wa a dùn. Inú ló dùn, bíi pé a ti gbé nǹkan dídùn kan mì tó sì ti dé ibi tó ń lọ. Àwọn tó ń ta ayò ọlọ́pọ́n lábẹ́ igi pàápàá, ẹni tó borí, wọ́n ní ó jẹ ayò ni. Nígbà tí a bá sì ń sọ ọmọ lórúkọ, oyin, ìrèké àti ṣúgà là ń fi kàn án lẹ́nu. Kò sí ẹni tó ń fi idà kàn án. Èdè tó ti ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún wa, kí ló dé tí akéwì máa fo ọ́ kọjá lọ yá kìnnìún?

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí ibẹ̀ ni súìtì àti bọ́ọ̀lù ti fẹ́ ara wọn níṣu-lọ́kà. Mo ní ìdí tí mo fi mọ ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Everton ni mo ń ṣe. Ẹ rẹ́rìn-ín tán ná. Àbúrò bàbá mi ló kó o ràn mí, òun náà sì kó o lára Daniel Amokachi, ẹni tí Everton rà ní 1994 lẹ́yìn tí ó ti gbá World Cup fún wa ní Amẹ́ríkà. Bẹ́ẹ̀ ni àrùn yìí ṣe wọ ìdílé wa.

The Toffees ni wọ́n ń pe Everton. Tọ́fì ni súìtì tí wọ́n fi ṣúgà àti bọ́tà sè títí tó fi le. Àdúgbò kan nínú ìlú Liverpool ni Everton jẹ́, wọ́n sì ti ń ta tọ́fì níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí bọ́ọ̀lù tó dé. Obìnrin kan, Molly Bushell, ni wọ́n ní ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1753. Kílọ́ọ̀bù náà ní tirẹ̀, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan tó ń jẹ́ St Domingo ló dá a sílẹ̀ ní 1878, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ sí Everton lọ́dún tó tẹ̀lé e. Láti 1884, Anfield ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, Anfield kan náà yẹn. Ní 1892 ni ọ̀rọ̀ owó ilé dá wàhálà sílẹ̀ láàrin wọn àti John Houlding tó ni pápá. Everton bá kó ẹrù wọn, wọ́n kọjá sí òdìkejì Stanley Park, wọ́n lọ kọ́ Goodison Park. Houlding tí pápá òfìfo ṣẹ́ kù sí lọ́wọ́ dá kílọ́ọ̀bù mìíràn sílẹ̀, òun la mọ̀ sí Liverpool lónìí. Lándílọ́ọ̀dù ló fa gbogbo ìjà tí ẹ̀ ń rí láàrin àwọn méjèèjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ìta kámpọ́ọ̀sì, mi ò ní láti ṣàlàyé jù fún yín.

Ibi tí súìtì ti wọlé nìyí. Ìtàn tí àwọn ará Everton máa ń sọ ni pé nígbà tí kílọ́ọ̀bù wà ní Anfield, ilé tọ́fì Bushell ló wà nítòsí, òun làwọn èrò ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí Goodison, ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn, ti Mother Noblett, ló wá wà lẹ́nu ọ̀nà pápá. Noblett kò sùn. Ó ṣe súìtì mint kan tó ní ìlà dúdú àti funfun, torí Everton ti fìgbà kan wọ aṣọ dúdú, ó sì pè é ní Everton Mint. Ọjà bá dákẹ́ ní ilé Bushell. Ni àwọn Bushell bá lọ bẹ kílọ́ọ̀bù pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọdébìnrin ìdílé àwọn wọ inú pápá lọ pín tọ́fì fún èrò kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbà fún wọn. (Ẹni tó bá mọ ìṣirò á ti rí i pé Molly ti 1753 kò lè wà láyé ní 1892. Ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni ìtàn ń sọ. Ìtàn bọ́ọ̀lù kì í ka ọdún.)

Láti ibẹ̀ ló ti di àṣà ní Goodison pé kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ọmọbìnrin kan á wọ aṣọ ayé àtijọ́, á gbé agbọ̀n dání, á máa rìn yí pápá ká, á máa ju súìtì sí àwọn tó jókòó. Toffee Lady ni wọ́n ń pè é. Ohun tó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín jù níbẹ̀ ni pé súìtì tó ń jù, Everton Mint ni, èyí tí Noblett ṣe. Ẹ wo iṣẹ́ ayé! Bushell ló gba àṣẹ, ọjà orogún ló wà nínú agbọ̀n.

Ẹ wò ó, ìpolówó ọjà ni gbogbo ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin méjì ń jìjàdù oníbàárà, kílọ́ọ̀bù sì ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú àwítúnwí àwọn onímọ̀ wò ó á ní ẹ̀tàn ni, wọ́n ń ta nǹkan fún òtòṣì. Mo gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn ní kíláàsì lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n súìtì tí wọ́n jù sí ọ, tí o nawọ́ mú láàrin ọwọ́ ogún, tí o sì fún ọmọ rẹ tó ń wá sí pápá fún ìgbà àkọ́kọ́, ta ló ni ín? Ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ́. Kílọ́ọ̀bù kọ́.

Èyí ló wá mú mi dé orí ọ̀rọ̀ tí mo fi ṣe àkọlé. Gbogbo wa la mọ ìyá tó ń ta ọjà lẹ́nu géètì. O ra búrẹ́dì, ṣéńjì rẹ kù díẹ̀. Ìyá á wo inú ike owó rẹ̀, á wo ojú rẹ, á ní, "Ọmọ mi, kò sí ṣéńjì, gba súìtì." O lè fajú ro. Súìtì méjì kọ́ lo bá wá sọ́jà, ìwọ àti ìyá ló jọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí o tó dé yàrá, ọ̀kan ti wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, o ti fún rúùmeètì rẹ ní èkejì.

Èmi ò rí àpèjúwe mìíràn tó bá fáànù mu tó èyí. Ohun tí a kó wá sọ́jà pọ̀: ọjọ́ Sátidé, ohùn wa, owó dátà, àlàáfíà ọkàn. Ohun tí a fẹ́ gbà ni ife. Kílọ́ọ̀bù wo inú ike, kò sí. Ó fún wa ní súìtì: góòlù kan tó rẹwà nínú eré tí a ti pàdánù, ọmọ kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tó fi bọ́ọ̀lù há ọ̀gá rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo tí a na Liverpool. Ìgbà mẹ́sàn-án ni Everton ti gba líìgì, 1987 ni ìkẹyìn. Wọ́n gba FA Cup ní 1995. Títí wọ́n fi kúrò ní Goodison ní oṣù Karùn-ún 2025, wọn kò gba ife ńlá kankan mọ́. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún ife yẹn ti pé ọgbọ̀n ọdún. Láàrin èyí ni wọ́n yọ póíǹtì mẹ́wàá kúrò lọ́wọ́ wọn ní oṣù Kọkànlá 2023 nítorí owó tí wọ́n ná kọjá òfin, wọ́n dá mẹ́rin padà, wọ́n tún wá yọ méjì. Ẹ ò rí i pé ṣéńjì gan-an tún ń di gbèsè.

Nípa súìtì, ẹ béèrè lọ́wọ́ àbúrò bàbá mi. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹrin 1995, Everton àti Tottenham, ìpele tó ṣáájú àṣekágbá FA Cup, ní Elland Road ní ìlú Leeds. Paul Rideout fara pa, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́. Joe Royle tó jẹ́ kóòṣì kò tíì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Amokachi ní tirẹ̀ ti wọlé lọ. Kò sí ẹni tó rán an. Kí kóòṣì tó mọ ohun tó ń ṣe, ọmọ Nàìjíríà ti wà nínú pápá, ó sì gbá góòlù méjì wọlé kí eré tó parí. 4-1. Ní oṣù Karùn-ún, Rideout fi orí kan bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Manchester United, ife dé. Àbúrò bàbá mi lè má rántí ẹni tó gbá góòlù ife yẹn, ṣùgbọ́n Amokachi tó wọlé láì gba àṣẹ, ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́. Súìtì kan ṣoṣo ló ń lá láti 1995, kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló fẹ́ kọ ewì lórí ọkùnrin yẹn? Kò sí idà kankan níbẹ̀ o.

(Yakubu Aiyegbeni náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún wọn. Góòlù 21 ní sáà 2007 sí 2008. Orin tí wọ́n ń kọ fún un, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló wà nínú rẹ̀, pé kí wọ́n ṣáà máa bọ́ ọ. Àwọn Òyìnbó gan-an mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.)

Àwọn ará Amẹ́ríkà ní tiwọn, ṣùgbọ́n ojú ọjà wọn máa ń hàn jù. Reggie Jackson, ìlú-mọ̀ọ́ká eléré bẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù, sọ pé bí òun bá gbá eré ní New York, wọ́n á fi orúkọ òun sọ súìtì. Wọ́n sì ṣe é lóòótọ́, ṣokoléètì alẹ́pà kan tó ń jẹ́ Reggie. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹrin 1978, ọjọ́ tí Yankees kọ́kọ́ gbá nílé ní sáà yẹn, wọ́n fún gbogbo ẹni tó wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Jackson mú igi lọ́wọ́, ó gbá bọ́ọ̀lù jáde kúrò ní pápá. Ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn èrò ṣe? Wọ́n ju súìtì náà sínú pápá, ó ń rọ̀ bí òjò, wọ́n ní láti dá eré dúró kí wọ́n lè ṣà á kúrò. Mo fẹ́ràn èyí ju bí mo ṣe fẹ́ràn Jackson fúnra rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ti ṣírò gbogbo nǹkan, wọn ò ṣírò pé èrò lè dá ọjà padà fún ayọ̀.

Marshawn Lynch ló wá dá mi lójú jù. Bọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbá mọ́ra sáré, ni ó gbá fún Seattle Seahawks. Nígbà tó wà ní kékeré, ìyá rẹ̀ máa ń fún un ní Skittles kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó ní oògùn agbára ni. Ọmọ náà dàgbà, ó di òmìrán, kò fi súìtì ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2011, kámẹ́rà ká a mọ́ ibi tó ti ń jẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá lẹ́yìn tó gba àmì wọlé. Lẹ́yìn ìgbà náà ni àwọn fáànù bẹ̀rẹ̀ sí ju Skittles sínú pápá nígbàkúùgbà tó bá ṣe dáadáa. Àwọn èrò yìí kan náà ni wọ́n fò sókè ní oṣù Kìíní 2011, nígbà tí ó sáré já gbogbo ẹ̀yìn New Orleans Saints kọjá, tí ẹ̀rọ tó ń wọn ìmìtìtì ilẹ̀ nítòsí pápá fi gbọ́ wọn. Wọ́n ti súìtì ìyá kan dé ibi tí ilẹ̀ ń mì! Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Skittles ló wá sáré bọ̀ lẹ́yìn, wọ́n fún un ní èyí tí yóò jẹ fún ọdún méjì. Ti Everton, ọjà ló ṣáájú, ìfẹ́ tẹ̀lé e. Ti Lynch, ìfẹ́ ìyá ló ṣáájú, ọjà sá tẹ̀lé e. Nígbà tó yá, n kò mọ ìyàtọ̀ mọ́.

Wọ́n gba Super Bowl ní 2014. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 2015, ó ku ìgbésẹ̀ kan péré kí Seattle tún gba á, Lynch wà níbẹ̀, gbogbo ayé mọ̀ pé òun ni wọ́n máa gbé bọ́ọ̀lù fún. Kóòṣì ní kí wọ́n jù ú. Malcolm Butler ti New England já a gbà lójú ọ̀run. 28-24, ó parí. Ẹni tó mú páálí Skittles lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà tí kò rí ju, mo máa ń ronú nípa rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ ẹ́ nígbà tó ń lọ sílé.

Kí ẹ má baà rò pé mo ń fi súìtì ṣe áńgẹ́lì: àwọn eléré kríkẹ́ẹ̀tì kan máa ń fi mint sẹ́nu tẹ́lẹ̀ kí itọ́ wọn lè ní ṣúgà, wọ́n á fi itọ́ náà nu bọ́ọ̀lù kó lè máa dán, kó lè máa ṣe màgòmágó lójú afẹ́fẹ́. Òfin kò fàyè gbà á. Wọ́n gba owó eré odidi lọ́wọ́ Faf du Plessis, olórí ikọ̀ South Africa, ní 2016 nítorí ẹ̀. Adùn náà ní ọgbọ́n àrékérekè tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Nílé ìwo-bọ́ọ̀lù tiwa, Toffee Lady tiwa ni ọmọ tó gbé àwo lérí tó ń la àárín bẹ́ǹṣì kọjá: gúgúrú, ẹ̀pà, omi inú ọ̀rá, TomTom. TomTom ló ń tà jù ní wákàtí kejì, torí ohùn ti há. Dúdú àti funfun onílà ni, bíi Everton Mint gẹ́lẹ́. N kò ní ọ̀kan bí èkejì o, ṣùgbọ́n ojú mi rí i. Ẹnìkan á ra mẹ́rin, á pín mẹ́ta fún àwọn tí kò mọ̀ rí, torí pé kílọ́ọ̀bù kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe. Bí wọ́n bá wá pẹ́nárítì, gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ á dákẹ́. Kò sẹ́ni tó máa là á. Bí bọ́ọ̀lù bá wọlé tàbí kó fò kọjá, nígbà náà ni wàá gbọ́ eyín.

Wọ́n á bi mí pé kí ló kàn mí pẹ̀lú Liverpool, ìlú tí n kò dé rí, nígbà tí Shooting Stars wà n'Íbàdàn. Ìbéèrè náà tọ́. Kílọ́ọ̀bù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n, ní 1976, ìgbà ayé Muda Lawal àti Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí. Wọ́n tún gba CAF Cup ní 1992. Ẹni tó bá ṣì ń lọ sí Adamásingbà lónìí, mo júbà rẹ̀. Òun ni ọ̀gá gbogbo wa nínú gbígba súìtì dípò ṣéńjì, torí ó pẹ́ tó ti ń dúró. Èmi ò rò pé ẹni tó ń ṣe Everton láti kámpọ́ọ̀sì yìí ti hu ìwà ọ̀dàlẹ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó máa ju súìtì sí wa láti pápá. Àwa la ń ra tiwa, àwa la sì ń pín in. Ìyẹn náà yẹ kó wọ inú ewì.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju kìnnìún inú ewì lọ ni tẹ́tẹ́. Ẹ yíjú wo họ́sítẹ́ẹ̀lì ní alẹ́ òní. Àwọn kan wà lórí fóònù, kílọ́ọ̀bù mọ́kànlá ni wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà láti orílẹ̀-èdè mẹ́fà, wọn kò fẹ́ràn ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tó ti ń ṣe Arsenal láti kékeré á fi owó lé e pé Arsenal á pàdánù, á wá jókòó sáàrin wa, á máa gbàdúrà lábẹ́nú. Bí góòlù bá wọlé, ojú tíkẹ́ẹ̀tì ló ń wò kó tó mọ̀ bóyá kó pariwo. Mo mọ ìdí, owó ilé ìwé kò kéré, ebi kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ ni ẹni tó kọ súìtì. Ó ní ṣéńjì òun ni òun fẹ́, pọ́ńbélé. Bóyá òun ló gbọ́n. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, bí ọ̀kan bá já tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kò ní ṣéńjì, kò ní súìtì, kò sì ní ẹnìkan tí wọ́n jọ pàdánù. Òun nìkan ló jókòó síbẹ̀. Àwa tí wọ́n na Everton wa ti ń bú kóòṣì pa pọ̀.

Ìwọ tí o kọ ewì kejì yẹn, bí o bá ń ka èyí, má bínú sí mi. Ohùn rẹ dára, n kò fẹ́ kó ṣòfò. Tún un kọ. Fi àwọn ìlà mẹ́rin tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Níbi tí idà ti jáde, yọ ọ́, kí o fi ọmọ tó gbé àwo súìtì sí i. Jẹ́ kó dúró dí ojú akéwì gan-an lásìkò tí wọ́n fẹ́ gbá pẹ́nárítì, kí akéwì máa na ọrùn, kó máa sọ pé, "Ìwọ ọmọ yìí, bẹ̀rẹ̀ jàre!" kí ariwo sì sọ nígbà tí kò rí nǹkankan. Ọjọ́bọ̀ la máa gba iṣẹ́ fún ìwé tó ń bọ̀. Kó má ju ojú ìwé kan lọ, owó fọ́tókópì ti lọ sókè.